Kí Ẹ̀rọ Ọkàn Tó Sọ̀rọ̀, Yóò Kọ́kọ́ Gbọ́

Bí wọ́n bá dárúkọ péésìmékà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò ni ẹ̀rọ kan tó ń fi iná ta ọkàn: iná ta á, ọkàn lù, iná tún ta á, ọkàn tún lù. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ibi tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí àyà èèyàn lóde òní, gbígbọ́ ló ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn kan wà tí tiwọn kì í ta iná kankan títí ọjọ́ fi lọ, torí pé ọkàn onítọ̀hún ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, ẹ̀rọ gbọ́ pé ó ń ṣe é, ó sì panu mọ́. Mímọ ìgbà tó yẹ kó panu mọ́ yìí ló gba àwọn onímọ̀ lákòókò jù, èyí tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ní ọjọ́ 8 oṣù October ọdún 1958, ní ilé ìwòsàn Karolinska lẹ́bàá Stockholm ní Sweden, dókítà oníṣẹ́-abẹ kan, Åke Senning, la àyà ọkùnrin ẹni ọdún 43 kan tó ń jẹ́ Arne Larsson. Àìsàn ti ba ọ̀nà tí iná ara ń gbà láti òkè ọkàn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ jẹ́, ó sì ń dákú lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Else-Marie, ìyàwó rẹ̀, ni kò jẹ́ kí dókítà náà àti ẹnjiníà Rune Elmqvist sinmi. Ó ní àfi kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí yóò wọ inú ara ọkọ òun. Elmqvist kó tiransísítọ̀ méjì jọ mọ́ bátìrì tí wọ́n lè máa gba iná sí láti ìta ara, ó da oje ike bò wọ́n. Agolo pólíìṣì bàtà ló fi ṣe mọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kú láàárín wákàtí mélòó kan. Wọ́n fi èkejì rọ́pò rẹ̀, òun náà kò pẹ́. Larsson kò kú ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ 26 ló lò kí ó tó jáde láyé ní 2001, lẹ́ni ọdún 86, lẹ́yìn tí dókítà àti ẹnjiníà náà ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Jẹjẹrẹ awọ ara ló pa á.

Ẹ̀rọ ìgbà náà ní àléébù kan: adití ni. Wọ́n ti dá iye ìgbà tí yóò máa ta iná ní ìṣẹ́jú kan fún un, iye yẹn ni yóò sì máa ta, yálà ọkàn ń lù fúnra rẹ̀ tàbí kò lù. Bẹ́ẹ̀, àìsàn yìí a máa lọ, a sì máa bọ̀. Lọ́jọ́ tí ọkàn bá rántí iṣẹ́ rẹ̀, onílù méjì ló wà láyà ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹnì kínní kò gbọ́ ti ẹnì kejì. Kì í ṣe pé kò dùn mọ́ni lára nìkan. Lẹ́yìn tí ọkàn bá lù tán, àsìkò díẹ̀ wà tí ẹran rẹ̀ fi ń kó ara jọ padà. Bí iná àlejò bá bọ́ sí àsìkò yẹn gan-an, ó lè da ọkàn rú débi pé yóò kàn máa gbọ̀n rìrì, tí kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́. Barouh Berkovits, ẹnjiníà tí wọ́n bí ní Czechoslovakia tó wá ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló bá wọn tú u ní àárín àwọn ọdún 1960. Ó fún ẹ̀rọ náà ní etí: wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ọkàn ni yóò tún máa gbé ìró ọkàn bọ̀. Bí ọkàn bá lù fúnra rẹ̀, kí ẹ̀rọ dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ìlù kan ṣoṣo ká wò ó. Ẹ̀rọ náà, tí kò tóbi ju aago ọwọ́ lọ, wà lábẹ́ awọ àyà nítòsí èjìká. Wáyà rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn, ẹnu wáyà náà sì fara ti ẹran ọkàn ní yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún. Nígbà tí iná ara bá gba ibẹ̀ kọjá, ohun tó ń dé ẹnu wáyà kò ju nǹkan bíi mílífóòtì 5 sí 20 lọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré jẹ́ 1,500. Láti yàrá òkè, tí ẹran rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìró náà tún kéré sí i: mílífóòtì 2 tàbí 3 lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Inú ariwo sì ni ìró kékeré yìí ti ń jáde. Ẹran àyà tí a fi ń gbé ẹrù ní iná tirẹ̀. Yàrá ọkàn kejì ń sọ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Yàrá tí à ń tẹ́tí sí gan-an ń dún lẹ́ẹ̀mejì fún ìlù kan: nígbà tó ń fún, àti nígbà tó ń padà sípò.

Ìwọ̀n ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń wò. Bí wọ́n bá ní ohunkóhun tí kò tó mílífóòtì 2 kò jẹ mọ́ ọn, kò ní kà á. Lẹ́yìn náà ni yóò wo bí ìró náà ṣe yá tó: ti ẹran àyà sábà máa ń yára jù, ti ọkàn tó ń padà sípò ń falẹ̀, ìlù gidi wà láàárín méjèèjì. Ọgbọ́n kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Tí ẹ̀rọ bá ti gbọ́ ìlù kan, yóò mọ̀ọ́mọ̀ di etí fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, torí pé ohunkóhun tó bá wọlé lásìkò yẹn, àjẹkù ìlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Etí tó bá ń gbọ́ ohun gbogbo nígbà gbogbo kò wúlò fún iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn èyí, kíkà ló kù. Bí dókítà bá ní kí ọkàn má lọ sílẹ̀ ju ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko láti fi dúró. Bó bá gbọ́ ìlù kí àkókò náà tó pé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí kà látìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á tú iná bíi fóòtì 2.5 sílẹ̀, fún àsìkò tó kúrú débi pé bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 2,000, kò tó ìpín kan.

Ó lè kùnà lọ́nà méjì. Ó lè má gbọ́ ìlù tó wà, kó wá máa sọ̀rọ̀ lé ọkàn lórí bíi ti ayé Larsson. Ó sì lè gbọ́ ohun tí kò sí: kí ó ka iná ẹran àyà tàbí ìró wáyà tó ti ń já mọ́ ìlù ọkàn, kó ní gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, kó dákẹ́, nígbà tí ọkàn gan-an kò lù. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè dá lù, èkejì ló burú jù, torí ìdákẹ́ ẹ̀rọ ni ìdákú tirẹ̀. Ìgbì iná láti ìta náà lè tan etí rẹ̀ jẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò máíkíróweefù ní àwọn ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí. Wọ́n ti fi irin taiténíọ̀mù bo ẹ̀rọ òde òní, ààrò máíkíróweefù kò sì tún jẹ́ ìyọnu fún un mọ́.

Títí dé ibí, bóyá ọkàn lù tàbí kò lù nìkan ni ẹ̀rọ ń béèrè. Ṣùgbọ́n ara kì í fẹ́ iye ìlù kan náà láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹni tó jókòó lè máa lo ìlù 65. Bó bá sáré lé ọkọ̀ tó ń lọ, ó lè nílò 130. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ibi kékeré kan lókè yàrá ọ̀tún ọkàn ni iná ti ń ṣẹ̀, ibẹ̀ sì ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ láìdánudúró. Tí ibẹ̀ bá ṣì dára, tó jẹ́ pé ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló bàjẹ́, bíi ti Larsson, iṣẹ́ rọrùn: wọ́n á fi wáyà kan sí yàrá òkè, òmíràn sí ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ á gbọ́ ìlù òkè, á dúró fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá, á sì ta ìsàlẹ̀. Ara ló ń pàṣẹ, ẹ̀rọ kàn ń jẹ́ iṣẹ́ ni. N kò tíì rí sẹ́ńsọ̀ tí èèyàn ṣe tó dára tó èyí.

Wàhálà dé tó bá jẹ́ orísun iná náà ló ti ń rẹ̀. Alágbàtà ìròyìn kò sí mọ́. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wá ẹlẹ́rìí mìíràn tí yóò sọ fún un pé ẹni tó gbé òun sáyà ń ṣiṣẹ́ agbára, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n àwọn ẹnjiníà ti rí ìdánwò.

Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ agbára a máa mú ẹ̀jẹ̀ gbóná, wọ́n bá fi sẹ́ńsọ̀ sí ẹnu wáyà láti máa wò ó. Ṣùgbọ́n ìgbóná ń falẹ̀ kó tó gòkè. Ó tún burú sí i pé nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti rìn, ẹ̀jẹ̀ tútù láti ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń padà wọ ọkàn. Ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rọ yára gan-an ni ẹlẹ́rìí yìí ń sọ pé kó dẹwọ́. Ibà sì lè ṣì í lọ́nà. Ní London, Anthony Rickards gba ọ̀nà mìíràn: ó kíyè sí i pé àsìkò tó wà láàárín ìgbà tí ọkàn fún àti ìgbà tó padà sípò ń kúrú bí ara bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ní kí ẹ̀rọ máa wọn ìyẹn. Ọ̀nà tó gbọ́n ni, ṣùgbọ́n òògùn ọkàn mìíràn lè yí ìwọ̀n náà padà.

Èyí tó gba ọjà kò ní ọgbọ́n tó yẹn rárá. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ará Medtronic ní Minneapolis lẹ kírísítà kan mọ́ inú àpótí irin ẹ̀rọ náà. Bí ara bá mì, kírísítà á tẹ̀ díẹ̀, á sì mú iná kékeré jáde. Ìmì púpọ̀, ìlù púpọ̀. Dókítà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ìka ló fi ń kàn án lórí awọ aláìsàn, kó, kó, kó, ìlù ọkàn á sì gòkè nígbà tí aláìsàn náà jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga. Lónìí, sẹ́ńsọ̀ ìrìn, irú èyí tó ń ka ìṣísẹ̀ nínú fóònù yín, ló ti gba ipò kírísítà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.

Ìmì ni ó ń gbọ́, kì í ṣe iṣẹ́, méjèèjì kì í sì fìgbà gbogbo rìn pọ̀. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ gìrì-gìrì ju ẹni tó ń gòkè lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gòkè ló ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ẹ̀rọ lè fún asọ̀kalẹ̀ ní ohun tó tọ́ sí agòkè. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sójú kan fún eré ìdárayá a máa mú èèyàn láàgùn yọ̀bọ̀, ṣùgbọ́n àyà kò mì, ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan. Obìnrin tó ru omi lórí tó rọra ń rìn, àyà rẹ̀ kò mì ju ti ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo. Ẹ wá fojú inú wo ẹnì kan nínú dáńfó lójú ọ̀nà oníkòtò: ó jókòó, kò ṣe iṣẹ́ kankan, kírísítà láyà rẹ̀ sì ń jókòó-dìde. Bó bá sọ fún dókítà pé ìgbàkígbà tí òun bá wọ ọkọ̀ ni àyà òun ń sáré, kì í ṣe àròsọ.

Nítorí èyí ni àwọn mìíràn fi gba ẹlẹ́rìí mìíràn wọlé: èémí. Ẹ̀rọ ń rán iná tó kéré jọjọ, tí ọkàn kò lè mọ̀ lára, láti ẹnu wáyà lọ sí àpótí irin rẹ̀. Tí ẹ̀dọ̀fóró bá kún fún afẹ́fẹ́, iná náà ń rí ìdènà; tí èèyàn bá mí síta, ìdènà dín kù. Láti inú ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ yìí ni ó ti ń mọ bí onítọ̀hún ṣe ń mí kíákíá tó àti bó ṣe ń mí jinlẹ̀ tó. Ẹlẹ́rìí tó dára ni, ó kàn ń pẹ́ kó tó dé, torí ó gba àkókò kí èémí tó yí padà. Wọ́n sábà máa ń fi sẹ́ńsọ̀ ìrìn ṣìkejì rẹ̀: ìrìn á tètè sọ̀rọ̀, èémí á sọ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn so mọ́ aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì láti máa wo èémí rẹ̀ ń lo irú iná kan náà, méjèèjì sì lè dàrú mọ́ra. Ìlù ọkàn ẹni tó dùbúlẹ̀ á wá sáré gòkè, dókítà tí kò bá mọ̀ á sì máa wá àìsàn tí kò sí. FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kìlọ̀ nípa èyí ní 1998. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ yìí, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó so ohunkóhun mọ́ ọn láyà.

Gbogbo ẹlẹ́rìí wọ̀nyí kò mọ ìbànújẹ́. Bí wọ́n bá pe ìyá kan lórí fóònù pé mọ́tò gbá ọmọ rẹ̀, ọkàn tó le á sáré kí ìyá náà tó dìde lórí àga. Sẹ́ńsọ̀ ìrìn kò gbọ́ ohunkóhun. Ilé-iṣẹ́ Biotronik ní Jámánì gbé ọ̀nà kan jáde tó ń wọn bí ẹran ọkàn ṣe ń fún yí ẹnu wáyà ká, ìlù kan tẹ̀lé òmíràn. Níwọ̀n bí ọpọlọ ti ń sọ fún ẹran ọkàn pé kó fún kíkankíkan nígbà tí ẹ̀rù tàbí ìdààmú bá dé, ẹ̀rọ yìí lè gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ àti èémí kò sọ. Ní tèmi, òun ló sún mọ́ ọ̀nà tí ara fúnra rẹ̀ ń gbà jù.

Sẹ́ńsọ̀ ìrìn náà ti tún gba iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀rọ Micra, tí FDA fọwọ́ sí ní 2016, kò ní wáyà rárá. Kò wúwo ju gíráàmù 2 lọ, inú yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn ló sì wà pátápátá. Báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ yàrá òkè? Nínú irú rẹ̀ tó jáde ní 2020, sẹ́ńsọ̀ náà ń tẹ́tí sí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ya wọ ìsàlẹ̀ nígbà tí yàrá òkè bá fún. Inú ohun tó ń gbọ̀n nígbà gbogbo ni ó ti ń wá ìgbọ̀n kékeré kan ṣoṣo yìí. Bí ẹni tó gbé e bá ń rìn kánmọ́kánmọ́, ó máa ń ṣòro fún un.

Kò sí sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń fi sáyà èèyàn tí wọn kì í tún ṣe. Ní kíníìkì, wọ́n á gbé ọwọ́ kọ̀ǹpútà lé àyà, nọ́ọ̀sì á ní, “Màmá, ẹ bá mi rìn dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kí ẹ padà wá. Ẹ rìn bí ẹ ṣe ń rìn lọ sọ́jà.” Tí Màmá bá padà dé, ìwé á ti fi hàn bí ìlù ṣe gòkè. Bí ó bá yá jù, wọ́n á dín in kù. Bí Màmá bá ní ó ti ń rẹ òun kí òun tó dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n á fi kún un. Ẹ̀rọ tó gbówó lórí jù tí wọn kò ṣe báyìí fún onítọ̀hún kò sàn ju ti àtijọ́ lọ.

Péésìmékà ní àbúrò kan tí wọ́n ń pè ní ICD. Kì í ṣe nítorí ọkàn tó ń falẹ̀ ni wọ́n ṣe é, bí kò ṣe nítorí èyí tó ya wèrè. Michel Mirowski, dókítà tí wọ́n bí ní Poland, pàdánù ọ̀gá rẹ̀, Harry Heller, ní 1966 sọ́wọ́ irú àìsàn yìí ní Israel. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ronú ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ èèyàn látinú, tí yóò fi iná ńlá mú ọkàn tó ń gbọ̀n padà sípò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lórúkọ ta kò ó. Òun àti dókítà kan, Morton Mower, kò ṣíwọ́ ní Baltimore, ní ọjọ́ 4 oṣù February 1980 wọ́n sì fi àkọ́kọ́ sínú ara èèyàn ní Johns Hopkins. Ó tóbi débi pé inú ikùn ni wọ́n gbé e sí.

Etí ICD gbọ́dọ̀ mú ju ti péésìmékà lọ, torí pé ọkàn tó ń gbọ̀n kì í dún sókè. Ìró rẹ̀ lè kéré gan-an. Nítorí náà, lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú etí líle, á wá máa là á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lè gbọ́ ohun tí kò ju mílífóòtì 0.3 lọ. Tó bá gbọ́ ìlù tó yá jù, kò ní fi ìkánjú ta iná. Ó lè kọ́kọ́ fi ìlù mẹ́jọ tó yá díẹ̀ ju ti ọkàn lọ gba ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí tí aláìsàn lè má tilẹ̀ mọ̀ lára. Bí ìyẹn bá kùnà, á kó iná jọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á tún wò ó bóyá ọkàn ti balẹ̀, kó tó tú u, bíi fóòtì 700 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé kó tètè ta á ni, àbí kó ní sùúrù? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rò pé títètè ló dára. Ìwádìí MADIT-RIT, tó jáde ní 2012 lórí 1,500 aláìsàn, yí èrò yẹn padà. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn ń dúró kí ìlù tó 200 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tó lè dúró tó ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó ṣe nǹkan, ìtọ́jú òdì dín kù lára wọn ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ikú pàápàá sì dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́ tó fi ń ta iná ni ọkàn ìbá fúnra rẹ̀ borí, tàbí kó tiẹ̀ má jẹ́ àìsàn tó ń pani rárá.

Wọ́n tún ti ń lo etí yìí fún ohun tí wọn kò torí rẹ̀ dá a. Iná kékeré tó ń wọn èémí lè wọn omi tó ń gun ẹ̀dọ̀fóró bí ọkàn bá ń rẹ̀, torí omi ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 pa irú àmì bẹ́ẹ̀ mélòó kan pọ̀: ìró ọkàn, èémí, omi àyà, ìlù òru àti ìrìn. Ó rí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí àìsàn fẹ́ gbé aláìsàn ṣánlẹ̀, ó sì sábà máa ń rí i ní oṣù kan ṣáájú. Ó pariwo lórí asán náà, bí ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé owó rẹ̀ tọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí dókítà rẹ̀ wà nítòsí tó lè gbé igbésẹ̀.

Òòfà ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń bọ̀wọ̀ fún. Bí òòfà bá kan ICD, kò ní ta iná ńlá mọ́ títí wọn yóò fi gbé e kúrò. Péésìmékà á di adití, á máa lù ní iye kan náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún àwọn dókítà ni, ṣùgbọ́n òòfà ti wọ inú fóònù báyìí. Ní 2021, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé iPhone 12 tí wọ́n gbé lé àyà dá ICD dúró. Kí fóònù jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ẹ̀rọ náà, kó má gbé inú àpò àyà, kí ẹ sì fi etí tó wà ní òdìkejì ẹ̀rọ náà gbọ́ ọ.

Ó ku ohun kan tí ilé wa kì í fẹ́ gbọ́. ICD kò ní sẹ́ńsọ̀ tó lè sọ fún un pé ẹni tó gbé òun ti dàgbà, ó ti rẹ̀ ẹ́, àìsàn mìíràn sì ti mú un dé ìparí. Bí ọkàn bá ń gbọ̀n ní wákàtí ìkẹyìn, ẹ̀rọ á gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti máa gbọ́, á sì ta á, á tún ta á, lójú àwọn ọmọ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Aláìsàn àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè bá dókítà sọ ọ́ ṣáájú pé kí wọ́n pa apá tó ń ta iná ńlá. Kò gba abẹ, kò dunni, kọ̀ǹpútà kíníìkì ni wọ́n ń fi ṣe é. Bí kọ̀ǹpútà kò bá sí nítòsí, nọ́ọ̀sì lè fi pílásítà lẹ òòfà mọ́ àyà. Iná ńlá kò ní wá, péésìmékà inú ICD náà á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.